Ọkọ̀ Tó Gba Iwájú Òkú

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Ọlọ́jà wa lánàá, ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní lè wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mọ́ kó má rẹ́rìn-ín. Tísà Bámgbóyè ló pe ẹjọ́ náà. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò Adébáyọ̀ ló sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í sáré, tí kì í pariwo, tí kì í pẹ́ dé ibi kankan. Lánàá, ó pẹ́ dé, ó pariwo láti ẹnu ọ̀nà, òógùn sì bò ó, nítorí ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ó ní òun kò ní jókòó nínú ọkọ̀ òun mọ́ láéláé, àfi tí Ọlọ́jà bá bá òun dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bámgbóyè àti olóògbé Ọlálérè ti ń ṣe ọ̀rẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń jí máńgòrò ká. Wọ́n jọ ṣe tísà, wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì jọ ń jiyàn lórí ẹni tí ohùn rẹ̀ burú jù. Nígbà tí Ọlálérè kú, ìdílé rẹ̀ ní kí ọkọ̀ Bámgbóyè jẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn áńbúláǹsì tó gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ipò ọlá ni. A kì í sì í kọ́ ọmọ Èkìtì pé ènìyàn ló ń tẹ̀lé òkú, òkú kì í tẹ̀lé ènìyàn. Bó ti wù kí o kánjú tó, tí o bá ti rí ọkọ̀ òkú níwájú, wàá rọra ni. Àmọ́ ní ojú títì Fájuyì, lójú gbogbo ayé, ọkọ̀ Bámgbóyè yà bàrá, ó kọjá áńbúláǹsì, ó gba iwájú òkú, ó sì dé itẹ́ ṣáájú ẹni tí wọ́n fẹ́ sin.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń yẹra fún un. Wọ́n ní ẹni tó bá gba iwájú òkú, ọ̀nà ọ̀run ló mú pọ̀n, kò ní í pẹ́ dé ibẹ̀. Ìyẹn kò dun Bámgbóyè. Ohun tó dùn ún ni pé Mosúnmọ́lá, opó Ọlálérè, ránṣẹ́ sí i pé kó má yọjú síbi ìsìn ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ìdúpẹ́ Ọlálérè, kí Bámgbóyè má sí níbẹ̀? Ó wá pe Ọlátúbọ̀sún lẹ́jọ́, ọkùnrin tó ń fi láptọ́ọ̀pù tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti wá kó tó ya wèrè.

Ààfin kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́jà jókòó, Ẹjẹmu, ìjòyè rẹ̀ àgbà, sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀ nínú agbádá funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Bí ẹjọ́ bá dé ọ̀dọ̀ wa, Ẹjẹmu ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Ọlọ́jà á di ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, bẹ́ẹ̀ kò tòògbé. Wọ́n ní kí Tísà sọ tẹnu rẹ̀, kó sì rántí pé ààfin ni òun wà, kì í ṣe kíláàsì.

"Kábíyèsí," ni Bámgbóyè bẹ̀rẹ̀, "mo gbé ọkọ̀ fún Ọlátúbọ̀sún nítorí pé kò lè gun òkè mọ́. Mo ní kó wá nǹkan ṣe sí i. N kò ní kó fún un lágbára Sámúsìnì."

"Ṣé ó ń gun òkè báyìí?" Ẹjẹmu bi í.

"Ó ń gun òkè, sà. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bámgbóyè wò wọ́n bó ṣe máa ń wo àwọn tó pẹ́ dé ilé-ìwé, wọ́n sì dákẹ́. Ó ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ òun kò kan tọ́rọ́tù, ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, rárá lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì ni, tó máa ń fúnra rẹ̀ gbéra tí a kò bá tẹ bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké tantan láti ìgbà tí òun ti ṣíná sí i, ó ń fà bí ajá tó rí ẹran. Òun tẹ bíréèkì, ó ń lọ. Òun tún un tẹ̀, ó ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi dé Fájuyì, bíréèkì ti gbóná, ó sì ti sú u.

"Kí ló dé tí o ò pa ẹ́ńjìnnì?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí sítíárìn, sà, ẹnu mi sì wà nínú Sáàmù. Èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Ẹjẹmu ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé itẹ́.

Ibí yìí ni èdè Èkìtì ti borí gírámà tí Tísà ti kọ́. "Kábíyèsí, unú mi bàjẹ́. Àwọn akọrin wa ti tò sẹ́nu géètì. Bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ tó kọ́kọ́ yọ, wọ́n gbé orin òkú sókè. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ní èmi kọ́. Olórí akọrin fi ọwọ́ sẹ́nu pé kí n má ba orin jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ fún mi parí, gbogbo ẹsẹ rẹ̀, tí mo dúró síbẹ̀ tí mò ń gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ wá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ihò náà kò ní í gbà mí, pé ènìyàn kúkurú ni wọ́n sọ fún òun pé ó ń bọ̀."

Ẹ̀rín tú yẹ́ẹ́. Ọlọ́jà gan-an fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu. Ẹnìkan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Mosúnmọ́lá, tó jókòó nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Àyọ̀kẹ́, ìyàwó Bámgbóyè. Ọ̀rẹ́ ni àwọn náà, ṣùgbọ́n lánàá wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Àyọ̀kẹ́ gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n wá pe Ọlátúbọ̀sún. Ó dìde tòun ti láptọ́ọ̀pù lábẹ́ apá. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ẹjọ́ ni wọ́n pè é wá jẹ́; ó dà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

"Kábíyèsí, ọkọ̀ ń mí bí ènìyàn," ló wí. "Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ní àtẹ kan nínú tó ń sọ fún un pé, bí afẹ́fẹ́ bá tó báyìí, kó mu epo báyìí. Bí sẹ́ńsọ̀ bá sọ òtítọ́, tí àtẹ náà bá péye, ọkọ̀ á dùn bí oyin. Àtẹ ti Tísà, èmi ni mo tò ó, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Mo wà á lọ sí Ìkẹ́rẹ́, mo wà á bọ̀, mò ń wo láptọ́ọ̀pù, mò ń fi kún epo níbi tí kò bá ti tó."

"Ta ló ń wa ọkọ̀ nígbà tí o ń wo láptọ́ọ̀pù?"

"Èmi náà ni, sà."

Ẹjẹmu mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni. Ṣùgbọ́n bí àtẹ bá péye tó bẹ́ẹ̀, kí ló gbé ọkọ̀ kọjá òkú?

Ọlátúbọ̀sún tún fìlà dé. "Ẹkún ni, sà."

"Ẹkún bí ti báwo?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí ni ẹkún? Ṣebí afẹ́fẹ́ ni. Gbogbo èrò tó wà ní Fájuyì lọ́jọ́ náà ló ń sunkún, afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn. Sẹ́ńsọ̀ tí èmi bá tún ṣe, kì í fo nǹkan kan. Ó ka ẹkún wọn mọ́ afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ní ó tó, ó tú epo sí i, ọkọ̀ sì gbéra. Bí àwọn ènìyàn ò bá fẹ́ràn Bàbá Ọlálérè tó bẹ́ẹ̀, wẹ́rẹ́ ni ọkọ̀ ì bá máa lọ."

Àwáwí náà burú débi pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mosúnmọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìgbátí aṣọ nu ojú, ó ní òótọ́ ni wọ́n sunkún ọkọ òun, wọ́n sunkún rẹ̀ dáadáa, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ pàápàá. Ó ní ọmọ yìí gbọ́n. Bámgbóyè rí i pé ẹjọ́ òun ti ń yọ́ lọ bí òrí, ó sì pariwo pé kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí kìíní ni Ìyìn, tó wa áńbúláǹsì lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní bí òun ṣe rọra ń lọ bó ṣe yẹ kí ẹni tó gbé òkú lọ ni òun rí Tísà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tó ń juwọ́, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo ni mo rẹ́rìn-ín?" Bámgbóyè bi í.

"Mo rí eyín yín, sà."

"O rí eyín mi torí pé mò ń ké pe Jésù. Ọwọ́ tí o rí, ìka mélòó kan ni mo gbé lórí sítíárìn, mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí ìwọ náà sáré, kí òkú lè wà níwájú."

Ẹlẹ́rìí kejì ni Olúmúyìwá, ọlọ́kadà, tí Bámgbóyè fúnra rẹ̀ mú wá. Ó búra, ó sì ní ọkọ̀ Tísà kò ya òkú sílẹ̀ rárá. Ó ní áńbúláǹsì ló dúró.

"Kí ló dúró ṣe?"

"Ó ń wo àgbàdo sísun, sà."

Ariwo ta. Mosúnmọ́lá dìde dúró, ó bi Ìyìn bóyá òótọ́ ni pé ó gbé ọkọ òun dúró sójú títì nítorí àgbàdo. Ìyìn ní òun kò dúró. Òun kàn dẹwọ́ díẹ̀ ni, kí òun lè wò ó bóyá ó ti jinná. Olúmúyìwá ní ó tún bi obìnrin tó ń sun ún bóyá ó ní àgbọn tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́.

"Irọ́ ni," Ìyìn wí. "N kì í fi àgbọn jẹ ẹ́."

Ibẹ̀ ni Ẹjẹmu ti kọjú sí ọlọ́kadà, tó rọra bi í pé ibo gan-an ló wà tó fi rí gbogbo èyí kedere bẹ́ẹ̀.

"Níwájú òkú, sà," Olúmúyìwá dáhùn. Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó tó fi jókòó, ó sì fi ẹ̀yìn ẹlòmíràn bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bámgbóyè gbá orí mú. Ó ti pe ẹlẹ́rìí kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kọ́ ló fẹ́ ya ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti di ọ̀rọ̀ àgbàdo. Ó rò pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní kó máa lọ ilé, kí ọjọ́ Àìkú sì dé bá a nídìí fèrèsé, níbi tí yóò ti máa gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè.

Ọlọ́jà ló lajú nígbà náà. "Ẹ̀yin ti sọ̀rọ̀ tó," ló wí. "Ọkọ̀ nìkan ni kò tíì sọ tirẹ̀. Ẹ lọ gbé e wá láti ulé Tísà."

Ọlátúbọ̀sún ló lọ wà á wá, ojú rẹ̀ sì ti ràn nígbà tó fi dé. Bí ó ti fẹ́ yà wọ àgbàlá ààfin, àwọn ewúrẹ́ Ọlọ́jà fo ògiri. Ẹ́ńjìnnì ń bú, èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀, atẹ́gùn sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá àwọn ìjòyè. Nígbà tí èéfín fi lọ tán, agbádá Ẹjẹmu ti di ti ẹni tó ń ta èédú. Ó kàn wo apá rẹ̀ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó sì wo Ọlátúbọ̀sún.

Ọlátúbọ̀sún ti ki wáyà bọ ọkọ̀, ó ti ṣí láptọ́ọ̀pù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ kọ́ nìyí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Sẹ́ńsọ̀ ń rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ju èyí tó ń rí lọ́jọ́ tí mò ń tún un ṣe. Epo tí mo fi kún àtẹ yẹn, ti ọkọ̀ tí kò rí ẹ̀mí mí ni. Ọkọ̀ yìí ń mí délẹ̀."

"Umú rẹ̀ dà?" Ọlọ́jà bi í.

Ọlátúbọ̀sún tọ́ka sí àpótí dúdú kan tí fílítà wà nínú rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí o ń tún un ṣe, o ṣí ubẹ̀ wò?"

"Kábíyèsí, láptọ́ọ̀pù máa ń sọ gbogbo..."

"Mo ní ṣé o ṣí i."

"N kò ṣí i, sà."

"O rí ẹni tí umú ń dí, o ò wo umú rẹ̀. Oúnjẹ lo ń rọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀tẹ̀ lo fi sílẹ̀ tí o ń pa làpálàpá. Ṣí i."

Ó ṣí i. Fílítà wà níbẹ̀, kò ní wàhálà. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí àwọ̀n irin tín-ín-rín tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, pín-ìnnì aṣọ kan rọ̀, fọ́nrán òwú funfun sì há mọ́ ọn lẹ́nu. Òórùn kan sì jáde tí kì í ṣe ti epo. Ẹjẹmu fa imú.

"Lọ́fínńdà wo ni ẹ́ńjìnnì ń fi?" ló béèrè.

Bámgbóyè ti mọ òórùn náà. Òórùn tó máa ń wà lára Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni, tó bá ní òun ti ilé àbúrò òun bọ̀. Ó yí padà. Àyọ̀kẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Obìnrin náà ṣí báàgì tó ti ń gbá mọ́ra láti àárọ̀. Ó mú aṣọ funfun kékeré kan jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi sítáàṣì sí i, ó ti lọ̀ ọ́ tí ó gún régé.

"Bàbá Ọláolúwa, ẹ má bínú," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Nígbà tí àìsàn Bàbá Ọlálérè le, ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀yin méjèèjì ò ṣe nǹkan kan rí kí ẹnìkejì má tẹ̀lé e. Ẹ jọ fẹ̀yìn tì, mo wá rò ó pé bí eléyìí bá lọ ńkọ́? Mo wá lọ bá àwọn Àládùúrà. Wọ́n gbàdúrà sí aṣọ yìí, wọ́n ní kí n fi í sí ibi tí ọkọ̀ yín ti ń mí, kí ẹ̀mí yín má bàa bọ́."

Gbogbo ojú lọ sára Bámgbóyè. Ìjọ àtijọ́ ló ń lọ, òun sì ni olùkọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wọn. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìwàásù rẹ̀ lórí àwọn tó ń gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ.

"Ta ló fi ibi tí ọkọ̀ ń gbà mí hàn ọ́?" Ẹjẹmu bi Àyọ̀kẹ́.

Ó nawọ́ sí Ọlátúbọ̀sún. Ó ní òun pàdé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, òun sì bi í, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kan, ó fi hàn òun dáadáa, títí dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà.

"Inú mi ló dùn, sà," Ọlátúbọ̀sún wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Obìnrin kan ò bi mí ní ìbéèrè nípa sẹ́ńsọ̀ rí."

Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe so kọ́ra. Aṣọ bo ojú sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ ò rí afẹ́fẹ́ kà, epo kò tó, ọkọ̀ ń kú lórí òkè. Bámgbóyè gbé e lọ fún Ọlátúbọ̀sún, ìyẹn kò wo imú, ó ń fi epo kún àtẹ, ó sì gbé ìmí ìdúró rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tí ọkọ̀ bá dúró, ga kó má bàa máa kú. Ọkọ̀ wá dùn. Ó dùn bẹ́ẹ̀ títí aṣọ fi kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló wá yọ ọ́?" Ẹjẹmu béèrè.

"Èmi náà ni. Mo yọ ọ́ nígbà tí ìsìnkú ku ọ̀la."

"Nítorí kí ni?"

Àyọ̀kẹ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ti dúdú, sà. Ṣé aṣọ ìdọ̀tí ni kó bá wa lọ sin òkú ni? Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, òjò ò jẹ́ kó gbẹ."

Gbogbo obìnrin tó wà nínú ààfin mi orí pé òótọ́ ló sọ. Àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀.

Bámgbóyè ti múra láti bínú, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò rí ibi gbà jáde. Ó rántí pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé Ọlálérè lọ sí ọsibítù gan-an ni ọkọ̀ òun bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí òkè. Ó ti rò ó nígbà náà pé bóyá ọkọ̀ náà ń ṣọ̀fọ̀ ni. Kò mọ̀ pé ìyàwó òun ló di í nímú, torí kò fẹ́ kí òun lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣe é bákan, omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àyọ̀kẹ́," ló wí, "o fẹ́ kí n pẹ́ láyé, o sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ṣáájú Ọlálérè dé ilẹ̀."

Mosúnmọ́lá náà ti ń sunkún. Ó ní òun gbọ́ gbogbo rẹ̀, òun kò sì di ẹnikẹ́ni sínú mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú gbogbo ènìyàn rí ní Fájuyì, ojú náà ni yóò ṣì máa rí i. Bí Bámgbóyè bá wá síbi ìdúpẹ́, wọ́n á máa sọ pé ẹni tó gba iwájú ọkọ òun ló ń bọ̀ yẹn. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọlọ́jà dìde, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, ó sì dá ẹjọ́.

"Ọ̀nà tí ọkọ̀ yìí jí lọ́wọ́ òkú, yóò dá a padà. Láàárọ̀ ọ̀la, Ìyìn yóò tún gbé áńbúláǹsì jáde láti ulé Ọlálérè. Wọ́n á gbé fìlà Ọlálérè sínú rẹ̀. Ọkọ̀ Tísà yóò tẹ̀lé e dé itẹ́, ẹ̀yin ará ulú yóò sì jáde, kí ojú tó rí ti ọjọ́sí lè rí tọ̀la.

"Ọlátúbọ̀sún, wàá tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kí ulẹ̀ tó mọ́. Umú rẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá sì gbéra lọ́la, uwájú ọkọ̀ Tísà ni wàá máa rìn, kí ẹ̀yìn rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan án, láti ulé dé itẹ́. Bí uṣẹ́ rẹ bá dára, a óò jọ padà wálé. Bí kò bá dára, ìwọ náà ti dé itẹ́."

Ọlátúbọ̀sún di láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyìn, bí o bá wo ọ̀tún, bí o bá wo òsì, wàá gbọ́ tẹnu mi. Olúmúyìwá, ẹ̀yìn pátápátá ni ti ìwọ, ẹsẹ̀ ni wàá sì fi rìn. Ọ̀kadà rẹ dúró sí ààfin.

"Àyọ̀kẹ́, gba aṣọ rẹ. Ọkọ lo fẹ́ dáàbò bò, ẹ́ńjìnnì lo wá fi aṣọ wọ̀. Ọkọ rẹ ni kí o fi pín-ìnnì yẹn kọ́ ọ mọ́ láyà, níta gbangba. Ìwọ Tísà, wàá wọ̀ ọ́ lọ sí itẹ́, wàá sì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìdúpẹ́, torí o gbé ẹjọ́ wá sí ààfin láìkọ́kọ́ bi ìyàwó rẹ. Ta ni yóò fọ agbádá Ẹjẹmu? Ẹni tó fi láptọ́ọ̀pù tú èéfín náà jáde ni."

Ẹjọ́ parí. Kò sí ọkùnrin tó ní ọkọ̀ nínú ààfin tó dúró kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n sáré lọ ilé lọ ṣí imú ọkọ̀ wọn wò. Wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀, torí pé àwọn obìnrin ti gba ẹ̀yìnkùlé dé ilé ṣáájú wọn. Ti Ọlọ́jà nìkan ni kò sí ẹni tó rántí lọ yọ tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ rí nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Láàárọ̀ òní, gbogbo Adébáyọ̀ jáde. Ìyìn wa áńbúláǹsì níwájú, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí títì. Fìlà Ọlálérè wà lórí àga lẹ́yìn, Mosúnmọ́lá jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ni Ọlátúbọ̀sún, tó ń rìn bí ẹni tí ẹ̀gún wà nínú bàtà rẹ̀, tó ń gbọ́ ẹ̀mí ọkọ̀ lẹ́bàá ọrùn. Bámgbóyè wà nídìí sítíárìn, aṣọ funfun láyà rẹ̀, Àyọ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tò sẹ́bàá títì, wọ́n ń wo aṣọ náà, ó sì ń wo iwájú.

Ní Fájuyì, òórùn àgbàdo gbalẹ̀. Áńbúláǹsì dẹwọ́ díẹ̀, bóyá ọwọ́ Ìyìn ni, bóyá ọkọ̀ ló ti mọ́ lára. Ọlátúbọ̀sún di ojú méjèèjì. Ọkọ̀ Bámgbóyè náà dẹwọ́. Ó dúró wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò ké, kò fà, ó ń mí bí ọmọ tó ń sùn. Àyọ̀kẹ́ fi ọwọ́ lé ọkọ rẹ̀ lórúnkún. Nígbà tí áńbúláǹsì tún gbéra, wọ́n tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé itẹ́. Àwọn akọrin gbé orin fún fìlà tó wà níwájú, wọn kò sì gbé e fún ẹlòmíràn. Mosúnmọ́lá bọ́ sílẹ̀, ó wá ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún Bámgbóyè fúnra rẹ̀, ó ní kó má pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, pé ìjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ olóòkú. Ọlátúbọ̀sún ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bámgbóyè rìn lọ sídìí ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan pín-ìnnì tó wà láyà rẹ̀, ó wẹ̀yìn wo Àyọ̀kẹ́, ó sì tẹ orí ba.

"Máa lọ níwájú, Ọlálérè," ló wí. "Èmi ò kánjú mọ́."